Àdúrà Tí A Kì Í Gbà Fún Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí kékeré kan tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn wa níhìn-ín ní Ìdànrè. Inú rẹ̀ ni àwọn ará máa ń ju ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí kí ìpàdé àdúrà ọjọ́rú tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kó wọn lọ sílé, tí mo sì máa ń kà wọ́n níwájú Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ́ gbogbo wọn sórí ibùsùn, mo ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tí ń ṣa kòkó. Ẹnì kan ń fẹ́ kí oòrùn ràn kí kòkó tí òun sá lè gbẹ. Ọmọ ẹnì kan ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Arábìnrin kan ń tọrọ ọmọ, ó sì ti ń tọrọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá físà Kánádà. Àwọn kan sì fi ọ̀tá wọn sun Ọlọ́run. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàpèjúwe ọ̀tá náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ilé tí ó ń gbé.

Mo wá a títí, n kò rí ìwé kan ṣoṣo tí ó wí pé, “Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà fún arákùnrin báyìí, kí ìfẹ́ rẹ̀ lè máa pọ̀ sí i.” N kò sì rí èyí tí ó wí pé, “Ẹ gbàdúrà fún mi, ìfẹ́ mi ń rẹ̀yìn.” Nígbà tí mo ṣe èyí tán, mo mú ìwé tí èmi fúnra mi ń kọ àdúrà mi sí, mo ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́. Kò sí níbẹ̀ náà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a má ṣe tọrọ oòrùn tàbí ọmọ. Àwọn àgbà sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, Olúwa wa pàápàá sì kọ́ wa láti máa tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni pé ohun tí àwọn àpọ́sítélì ń fi orí eékún tọrọ fún àwọn ọmọ wọn nínú ìgbàgbọ́ kò sí nínú àpótí wa rárá.

Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí ìwé Fílípì, orí kìn-ín-ní, ẹsẹ kẹsàn-án títí dé ìkọkànlá. Nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, olùkọ́ wa ní kí a lọ kọ gbogbo àdúrà Pọ́ọ̀lù jáde láti inú àwọn ìwé rẹ̀, kí a sì ṣàlàyé wọn. Mo ṣe é, mo gba máàkì tó dára. Àṣírí tí mo fẹ́ tú síta fún yín ni pé máàkì ni mo fi wọ́n gbà, n kò fi wọ́n gbàdúrà, ó sì tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ ìwé yìí. Kò mọ̀ bóyá ikú ni yóò gbẹ̀yìn ẹjọ́ rẹ̀ tàbí ìdásílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí n ó kọ́kọ́ kọ sí ìjọ mi ni pé kí wọ́n gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kí adájọ́ lè rí ojú rere mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún wọn ni pé àdúrà òun lórí wọn ni kí ìfẹ́ wọn lè máa pọ̀, kí ó sì tún máa pọ̀ sí i, pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìmòye, kí wọ́n lè máa mọ èyí tí ó dára jù láàrin ohun tí ó dára.

Ẹ kíyè sí irú àwọn ènìyàn tí ó ń gbàdúrà yìí fún. Ìjọ Fílípì kì í ṣe ìjọ oníjà. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ẹ ó rí Lìdíà tí ń ta aṣọ elésè àlùkò, bí ó ti rọ Pọ́ọ̀lù àti àwọn ará tó bá a rìn títí wọ́n fi wọ̀ sí ilé rẹ̀. Ẹ ó rí onítúbú tí ó fọ ọgbẹ́ wọn ní òru, tí ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn. Ìjọ yìí kan náà ló rán Ẹpafíródítù pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ bá Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wọ̀n, tí arákùnrin náà sì ṣàìsàn débi pé ó kù díẹ̀ kí ó kú. Àwọn tí ó mọ ìfẹ́ ṣe nìyí. Àwọn ni Pọ́ọ̀lù sì ń tọrọ ìfẹ́ púpọ̀ sí i fún. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé kí ẹ gbàdúrà fún ará yín kí ìfẹ́ rẹ̀ lè dàgbà, n kò sọ pé ẹni burúkú ni. Àgbẹ̀ kì í gbin kòkó tán kí ó lọ jókòó sílé. Gbogbo wa ní Ìdànrè mọ̀ pé kòkó ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, pé a sì máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì í kí ó lè ṣíji bò ó nígbà tí ó ṣì kéré. Kò sí àgbẹ̀ tí ń fa ọ̀mùnú kòkó sókè láti mú un dàgbà, kò sì sí èyí tí ń bú u pé kò tètè ga.

Nínú ìjọ rere yìí náà, àwọn obìnrin méjì wà tí wọn kò rẹ́, Euodia àti Sintike. Orúkọ wọn wà ní orí kẹrin. Àwọn méjèèjì ti bá Pọ́ọ̀lù ṣe làálàá nínú iṣẹ́ ìyìn rere, wọn kì í ṣe ọmọdé nínú ìgbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi fún wa. Ó bẹ Euodia, ó sì tún ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sọ sí Sintike lọ́tọ̀, bí ẹni pé ó tọ ilé wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ ẹnì kan láàrin wọn pé kí ó ran àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ́wọ́. Mo gbà gbọ́ pé nígbà tí ó ń kọ àdúrà orí kìn-ín-ní yẹn, àwọn obìnrin méjì yìí wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti ìmòye yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Ìfẹ́ wà láàrin wa, n kò purọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ríran dáadáa ni. Bí ẹnì kan bá kú nínú ìjọ, ẹ wo bí a ti ń dá aṣọ ẹbí, tí a ń ha bọ́ọ̀sì, tí ẹgbẹ́ akọrin ń yọ̀ǹda ara wọn, tí kúlà ń tò lọ bẹẹrẹ. Ìfẹ́ ni. Àmọ́ ẹni tí a ń ṣe gbogbo èyí fún ti lo oṣù méje lórí àkéte, ẹni mẹ́ta péré ló sì dé ibẹ̀. Owó aṣọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ìbá ra oògùn fún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ẹni tí ó kórìíra rẹ̀. A kò kàn mọ ohun tí ó yẹ kí ìfẹ́ ṣe ní àkókò tí ó yẹ kí ó ṣe é. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń tọrọ nìyẹn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí òkú wà nílẹ̀ fún lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má ṣe rò pé òun ni mo ń bá wí. Mo ti wọ aṣọ ẹbí náà.)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún mi.

Ọkùnrin méjì wà nínú ìjọ tí mo ń bójú tó. Ìbátan ni wọ́n, oko kòkó wọn sì pààlà. Pèrègún tí àwọn bàbá wọn gbìn sí ààlà náà dédé di àwátì ní ọdún kan. Èyí àgbà ní àbúrò ló wú u, àbúrò ní iná ọ̀gbẹlẹ̀ ló jó o. Láti ìgbà náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí nínú ìsìn, àbúrò a jókòó sí òsì. Bí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ̀gbọ́n a dúró títí àbúrò yóò fi dìde kúrò níwájú tábìlì kí ó tó wá kúnlẹ̀. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, a sì ti ń yí ẹsẹ̀ wa yí ọ̀rọ̀ náà ká bí ẹni tí ń yí àpáta ká.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo gbàdúrà láti orí pẹpẹ. Mo ní kí Olúwa rọ ọkàn líle, mo ní kí ó fi ìfẹ́ sínú ẹni tí ń yẹ ààlà, mo sì ní kí ó má jẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹ̀tanú sùn lóru. Ojú mi dì, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ mọ ibi tí mo dojú kọ. Wọ́n ṣe àmín tó lágbára. Àbúrò kò ṣe àmín. Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde, a kò sì rí i mọ́ fún oṣù méje. Ìjọ mìíràn ló lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan, opó ni, ló wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì. Ìyá yìí kò mọ ìwé kà. Ó jókòó, ó kí mi, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Pásítọ̀, àdúrà tí ẹ gbà lánàá yẹn, ta ni ẹ gbà á sí? Ṣé Ọlọ́run ni àbí ọkùnrin yẹn?” N kò lè dá a lóhùn. Ó tún wí pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìfẹ́ tiẹ̀ ti kún ni?”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó gún mi jù. Nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará, ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ gbèsè ìlérí, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sí iṣẹ́ Olúwa, ó sì máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ìyàwó mi. Àbúrò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ti bá mi jiyàn rí nínú ìpàdé àwọn alàgbà lórí owó òrùlé. Mo ti dájọ́ kí n tó kúnlẹ̀. Ohun tí mo pè ní àdúrà, òkò ni.

Mo lọ bẹ àbúrò ní ilé rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó fún mi ní omi mu, kò sì sọ pé òun yóò padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn méjèèjì ní àràárọ̀, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, láìsọ ẹni tí ó jẹ̀bi fún Ọlọ́run bí ẹni pé kò mọ̀. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju pé kí ìfẹ́ wọn pọ̀ sí i, kí ó sì ríran. Ní oṣù àkọ́kọ́, orúkọ àbúrò máa ń há mi lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ohun tí n kò kà sí nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀: pé òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ opó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé ọjọ́ tí ó bá mi jiyàn lórí owó òrùlé, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ ò rí i pé ara ẹni tí ń gbàdúrà ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè máa tọrọ ìfẹ́ fún ẹnì kan lójoojúmọ́ kí ó sì máa fi ojú àná wò ó.

Bóyá ìdí nìyí tí àdúrà yìí kò fi wù wá. Àdúrà tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa ní ìsinsìnyí ni èyí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara wọn, tí a ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, tí a ń ké pé kí ọ̀tá kú. Mo ti bá wọn gbà á rí, n kò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ni ọ̀tá yìí tí a kì í dárúkọ? Nígbà tí a bá sọ pé “ọ̀tá ilé bàbá mi,” ṣé kì í ṣe ìyàwó bàbá wa ló ń wá sí wa lọ́kàn, tàbí àbúrò tí a jọ pín ogún? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni náà wà nínú ìjọ kejì lójú pópó, tí òun náà ń janlẹ̀, tí ó ń ké pé kí ọ̀tá òun kú. Wọ́n jọ ń pe orúkọ Jésù kan náà lórí ara wọn. Olúwa kan náà ni ó sì pàṣẹ pé kí a gbàdúrà fún àwọn tí ń ṣe inúnibíni sí wa. Èmi ní tèmi, mo ti fòpin sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ tí mo ń darí. Àwọn kan torí rẹ̀ lọ síbòmíràn, wọ́n ní àdúrà wa kò gbóná.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ méjì lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìjọ ńlá. Ní ọdún 1965, ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Pírẹsibitéríà ní orílẹ̀-èdè wa ti múra tán láti di ìjọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Wọ́n ti kọ òfin rẹ̀, wọ́n sì ti mú ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún náà. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sún un síwájú, títí di òní olónìí kò sì ṣẹlẹ̀. Ìwé ti dàgbà tán, ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, ìfẹ́ tí yóò gbé ìwé náà kò tíì dàgbà tó.

Ti Mẹ́tọ́díìsì nìkan tún kan wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìjọ wọn ti wà láàrin wa láti ọdún 1842 tí Thomas Birch Freeman ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1976, wọ́n gbé òfin tuntun kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó jẹ́ Ààrẹ ìjọ náà tẹ́lẹ̀, sì di Pátíríákì. Àwọn kan gba òfin náà, àwọn kan ní Ààrẹ ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ Pátíríákì. Bí ìjọ kan ṣe di méjì nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdòwú fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984, Sunday Mbang gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1990 kí àwọn méjèèjì tó padà di ọ̀kan lábẹ́ òfin mìíràn, tí wọ́n sì fi oyè Prelate rọ́pò Pátíríákì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó parí. Inú ìwé orin kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń kọrin ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wọn, nítorí ìjọ tí ó pín tí ó sì tún padà di ọ̀kan kò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti pín, a kàn máa ń gbé pátákó tuntun kọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọ tí ìjà àwọn olórí ti pín níyà, ẹ máa dárúkọ àwọn ará apá kejì lálẹ́, kì í ṣe pé kí Ọlọ́run tú wọn ká, bí kò ṣe pé kí ìfẹ́ tiyín àti tiwọn lè máa pọ̀ sí i.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé Ọlọ́run máa ń dáhùn irú àdúrà yìí? Ẹ fi ìwé kìn-ín-ní sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kẹta ẹsẹ kejìlá, ti ìwé kejì, orí kìn-ín-ní ẹsẹ kẹta. Nínú ti àkọ́kọ́, Pọ́ọ̀lù ń tọrọ pé kí Olúwa mú kí wọ́n pọ̀ nínú ìfẹ́ sí ara wọn. Nínú èkejì, ó ń dúpẹ́ pé ìfẹ́ olúkúlùkù wọn sí ara wọn ti ń pọ̀ sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé àwọn ẹsẹ méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn, mo sáré pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná kí ó wá wò ó.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ti Éfésù pamọ́ fún yín. Pọ́ọ̀lù kúnlẹ̀ fún àwọn náà, ní orí kẹta ìwé Éfésù, pé kí wọ́n fi gbòǹgbò múlẹ̀ nínú ìfẹ́. Nígbà tí ó sì di ìwé Ìfihàn, orí kejì, Olúwa yìn wọ́n fún iṣẹ́ wọn, ó yìn wọ́n fún sùúrù wọn, ó yìn wọ́n pé wọ́n dá àwọn àpọ́sítélì èké mọ̀, ó wá sọ pé òun ní ohun kan lòdì sí wọn: wọ́n ti fi ìfẹ́ àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀. Ìjọ tí àpọ́sítélì gbàdúrà fún nìyẹn. Àdúrà kan kì í tó fún ìjọ títí láé. Ìran tí ó gbé ìfẹ́ dé ibì kan máa ń kọjá lọ, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì tún ní ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Òkè Ìdànrè mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta (600), pé ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ ẹni tí ó wà lókè máa ń yíjú padà, a sì pe ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn pé kí ó máa bọ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ ẹbí yín lálẹ́ òní. Ẹ mú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjọ yín, ẹni tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ sì fi orúkọ ẹnì kan tì í, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta yín lára. Ẹ tọrọ ohun kan náà fún àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe lọ sọ fún ẹni kejì pé ẹ ń gbàdúrà fún un kí ó lè ní ìfẹ́; bí ẹ bá sọ ọ́, òkò ni yóò dà, mo ti jù ú rí. Bí àwọn ọmọ bá wà nítòsí, kí wọ́n má gbọ́ ẹjọ́ ẹni náà láti ẹnu yín lẹ́yìn àdúrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo alàgbà ìjọ láti orí tábìlì oúnjẹ.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe yọrí sí. Oṣù méje pé, àbúrò padà sí ìjọ, ó jókòó sí òsì rẹ̀. Kò sí ohun tí ó yí padà lójú fún ọdún kan gbáko. Ní òjò ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ṣubú ní oko, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òjò bá pọ̀ tí a kò fín oògùn, èso kòkó á dúdú, á sì jẹrà lórí igi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n lọ sí oko lọ́jọ́ kan láti wo ohun tí ó ṣẹ́kù, ó bá àbúrò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfínkòkó lẹ́yìn. Ó ti fín ti ara rẹ̀ tán, ó ti kọjá ibi tí pèrègún wà nígbà kan, ó sì ń fín ti ẹ̀gbọ́n lọ ní ìlà-ní-ìlà. Kò sọ ju pé, “Ẹ kú ilé ìwòsàn o.” Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé láti Àkúrẹ́, kò lọ dúpẹ́. Ó rán ọmọ rẹ̀ ní iṣu márùn-ún. Àbúrò gba iṣu náà.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2024 dé, tí kòkó gbówó lórí ju bí a ti mọ̀ ọ́n rí lọ, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn ọmọ ń torí rẹ̀ wọ mọ́tò wálé láti Èkó. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n wálé pẹ̀lú lọ́yà, ó ní kí àwọn gbé ọ̀rọ̀ ààlà náà lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó. Títí di òní, ó ṣì ń rò ó. Wọn kò tíì gbin pèrègún mìíràn síbẹ̀, ẹni tí ó ni ìlà kòkó tí ó wà láàrin kò sì tíì hàn.

Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tí ó kọjá, a jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Èmi ni mo ń pín àkàrà náà. Àbúrò wá, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde ní ọ̀tún, kò dúró kí ó kúrò níbẹ̀, ó ń ti ọ̀pá rẹ̀ bọ̀, ó sì kúnlẹ̀ ní ìlà kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, ìyá opó yẹn ni. Mo ṣì ń dárúkọ àwọn méjèèjì ní àràárọ̀.